Màmá Onírédíò Ń Dáhùn: Ilé Ń Dún Padà, Jẹnẹrétọ̀ Ń Ké

Lẹ́tà yín lórí ohùn gbígbà sílẹ̀ pọ̀ gan-an lóṣù yìí. Mo mú márùn-ún nínú wọn, nítorí pé nǹkan kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn yòókù ń béèrè: irú máìkì wo ni kí àwọn rà. Ẹ fi owó yín sápò ná. Láti ìgbà tí a ti ń fi abẹ gé téèpù ní ilé iṣẹ́ rédíò títí di òní tí ọmọ ọmọ mi ń fi ìka ṣe é lórí fóònù, mi ò tíì rí máìkì tó gba ẹni tó jókòó jìnnà sí i là.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Bàbá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn nìkan ló sì kù tó mọ oríkì ìdílé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fi fóònù ká wọn sílẹ̀ ní pálọ̀ wa. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, gbogbo ilé ló ń dún, ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lórí. Àbúrò mi tó wà ní òkè òkun ní òun kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ṣé wọ́n lè yọ dídún yẹn kúrò, àbí kí n lọ ra máìkì? — Àkọ́bí Bàbá, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Olúwa á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín.

Ẹ kò sọ bí pálọ̀ yín ṣe rí, ṣùgbọ́n mo lè rò ó. Táìlì nílẹ̀, síìlì POP lókè, ọ̀dà tó ń dán lára ògiri, fèrèsé onígíláàsì, àga aláwọ tí wọ́n tì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri kí àárín lè gba àlejò. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan níbẹ̀ tó lè gbé ohùn mì. Ìró máa ń rìn tó mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí pálọ̀ bá fẹ̀ tó mítà 5, ìró tó jáde lẹ́nu Bàbá lè ti ara ògiri kan dé ara èkejì ní ìgbà tó lé ní 60 kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé, bí kò bá sí ohun tó dá a dúró. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú wọn kò mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé etí méjèèjì àti ọpọlọ yín ń bá yín ṣa ohùn Bàbá kúrò láàárín èyí tó ń padà bọ̀. Máìkì fóònù kò ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà.

Èdè wa tún wá jẹ́ kí ọ̀ràn náà le sí i. Bí sílébù kan bá jẹ́ ohùn òkè, tí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, ti òkè yẹn ṣì ń yí ká inú yàrá nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ń jáde lẹ́nu, àwọn méjèèjì á sì dé máìkì pọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a ó ṣáà mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n oríkì kún fún orúkọ àwọn tó ti lọ àti àwọn abúlé tí ẹnikẹ́ni kì í pè mọ́. Bí orúkọ bá dàrú níbẹ̀, ta lẹ máa bi?

Ẹni tó kọ́kọ́ wọn nǹkan yìí létòlétò ni Wallace Sabine, olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà. Ní 1895 wọ́n ní kó wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Fogg Art Museum tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kò ti yé akẹ́kọ̀ọ́. Bí ìró kan bá dún nínú gbọ̀ngàn náà nígbà tó ṣófo, ó máa ń ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ kó tó kú tán. Ẹ wá fojú inú wo iye ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ á ti sọ láàárín ìgbà náà. Òru ni Sabine máa ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ìta bá ti pa rọ́rọ́. Òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ á ru tímùtìmù àga láti Sanders Theatre wá síbẹ̀, wọn á fun fèrè, wọn á dá a dúró lójijì, wọn á sì fi aago wo bó ṣe pẹ́ tó kí etí tó má gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bí tímùtìmù ṣe ń pọ̀ ni dídún náà ń tètè kú.

Nítorí náà, ẹ kó Bàbá kúrò ní pálọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ní yàrá ibùsùn, níbi tí mátíráàsì nípọn sí jù. Ẹ ṣí wọ́dúróòbù tí aṣọ kún inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí Bàbá kọjú sí i. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì oníwúwo kọ́ sára ògiri tó wà lẹ́yìn wọn, kí ẹ sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹní tó nípọn sílẹ̀. Kó nípọn ni mo ń tẹnu mọ́ o. Àǹkárá ẹyọ kan tí ẹ ta sójú fèrèsé kò lè gbà ju ìró tó mú ṣóńṣó lọ, ìró tó rinlẹ̀ á kọjá lára rẹ̀ á sì padà wá bá yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní pálọ̀, kí ẹ tún pa á ní yàrá. Ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ náà fúnra yín.

Èyí tó kàn ló ṣe pàtàkì jù, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹnu Bàbá. Bí fóònù bá wà ní mítà kan sí wọn tẹ́lẹ̀, tí ẹ mú un dé ìdajì mítà, ohùn tó ń ti ẹnu wọn bọ̀ tààrà á fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 lágbára sí i (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó), ṣùgbọ́n èyí tó ń ti ara ògiri bọ̀ á wà bó ṣe wà. Ẹ tún pín jíjìnnà náà sí méjì, ẹ ó tún jèrè 6 míì. Ìwọ̀n bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì ni mo fẹ́ràn, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu díẹ̀ kí èémí wọn má báa fẹ́ lù ú. Ẹ má gbé e sórí tábìlì, nítorí pé tábìlì pàápàá ń dá ohùn padà, bí Bàbá bá sì fi ọwọ́ lù ú níbi tí oríkì bá ti dùn dé, gbàà lẹ ó gbọ́. Orí ìrọ̀rí méjì tí ẹ tò léra ló yẹ ẹ́.

Bí Bàbá bá jẹ́ ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, máìkì kékeré onítẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ ni kí ẹ wá, kò sì pọn dandan kó jẹ́ ọlọ́wó ńlá. Ẹ há a sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ní ìwọ̀n ìka márùn-ún téèyàn bá nà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ gìnì tí sítáàṣì ti le gbagidi. Mo mọ̀ pé wọ́n á fẹ́ múra, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mira ni aṣọ náà á máa ró kàràkàrà. Bùbá tó ti rọ̀ ni mo fẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn náà, kí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ fún wákàtí kan.

Ní ti èyí tí ẹ ti ká sílẹ̀: òótọ́ ibẹ̀ ni pé dídún padà ṣòro ó yọ ju ariwo lọ. Ohùn Bàbá fúnra wọn ló dàpọ̀ mọ́ ohùn Bàbá, ó ti di iyọ̀ tó yọ́ sínú ọbẹ̀. Irinṣẹ́ wà tó ń gbìyànjú rẹ̀. iZotope RX, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ní èyí tó ń dín in kù, Adobe sì ní Enhance Speech lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè gbé fáìlì sí. Ẹ lè dán an wò, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tó ń ṣe. Irú ẹ̀rọ onílàákàyè bẹ́ẹ̀ máa ń tún ohùn mọ ni, ó sì lè méfò ibi tí kò bá ti gbọ́ dáadáa. Bó bá bá orúkọ baba ńlá yín pàdé, ó lè pè é ní nǹkan míì, á sì dún mọ́rán-mọ́rán débi tí ẹ kò ní fura. Mi ò ní fi oríkì ìdílé mi lé e lọ́wọ́ láìjókòó tì í.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi ni pé màá tún Bàbá ká sílẹ̀ nínú yàrá, màá sì lo ti àkọ́kọ́ láti fi rán wọn létí ibi tí wọ́n bá fò. Ẹ má sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ láé. Àgbàlagbà kì í ki oríkì bákan náà lẹ́ẹ̀mejì; ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí kò ní sí nínú èyí tuntun. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. Fóìsì nóòtì máa ń fún ohùn pọ̀ kó lè kéré.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń ka ìtàn Yorùbá sórí YouTube. Iná kì í sábà wà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà lábẹ́ fèrèsé mi gan-an. Mo lo Noise Reduction, irinṣẹ́ tó ń dín ariwo kù nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún ohùn ṣe. Ariwo náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi di ti ẹ̀rọ, ó ń ró wìnnìwìnnì lábẹ́lẹ̀. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? — Akẹ́kọ̀ọ́, Agbowó, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o fọ̀ ọ́ jù.

Bí irinṣẹ́ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wàá fi ibi tí ariwo nìkan wà hàn án, á wọn bí ariwo náà ṣe lágbára tó ní ìpele kọ̀ọ̀kan, láti orí ìró tó rinlẹ̀ dé orí èyí tó mú, á wá máa fi ìwọ̀n yẹn dín gbogbo ohun tí o gbà kù. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Steven Boll ti kọ nípa ọ̀kan tó jọ ọ́ ní 1979. Wàhálà rẹ̀ ni pé ariwo kì í dúró sójú kan. Níbi tó bá ti ga ju ìwọ̀n tí ẹ̀rọ kọ́ lọ, èérún rẹ̀ á ṣẹ́ kù káàkiri. Èérún yẹn ni wìnnìwìnnì tí ò ń gbọ́. Bí o bá sì fi agbára lé e, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé lára ohùn tìrẹ náà.

Nígbà míì tí o bá fẹ́ kàwé, tẹ máìkì, kí o sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí o tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Má mí sí i, má ṣí ìwé. Ibẹ̀ ni wàá yàn fún Get Noise Profile. Lẹ́yìn náà yan gbogbo rẹ̀, kí o sì fi 6 sínú àpótí dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì. Bí kò bá tó, lọ sí 9, ó pẹ́ tán 12. Irinṣẹ́ náà ní bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ Residue sí. Tẹ̀ ẹ́, wàá gbọ́ ohun tó fẹ́ kó dànù. Bí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn ara rẹ lò ń gbá lọ sórí ààtàn. Jẹ́ kí ariwo díẹ̀ ṣẹ́ kù. Olùgbọ́ rẹ náà ń gbé ní Nàìjíríà, jẹnẹrétọ̀ kò ṣàjèjì sí i.

Kí o tó ṣe èyí, lo High-Pass Filter, irinṣẹ́ tó ń gé ìró tó rinlẹ̀ kúrò, ní 80 Hertz (Hertz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan). Bí jẹnẹrétọ̀ náà bá jẹ́ èyí kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa yí ní nǹkan bí ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, á sì bú ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, ìdí ariwo rẹ̀ wà ní 50 Hertz, ó sì ń gun òkè ní 100, 150, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ìsàlẹ̀ 50 yẹn á lọ. Àwọn tó wà lókè ti wà láàárín ohùn tìẹ, ibẹ̀ ni Noise Reduction ti máa ṣiṣẹ́. Má bẹ̀rù pé àmì ohùn á bà jẹ́ bí o bá gé ìsàlẹ̀. Tẹlifóònù onílà tí a lò nígbà ayé NITEL, láti nǹkan bí 300 dé 3400 Hertz ló ń gbé, síbẹ̀ a ń gbọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ara wa, nítorí pé etí ń fi ìró tó wà lókè mọ èyí tí wọ́n gé kúrò nísàlẹ̀.

Bí aládùúgbò bá tan áyọ́ọ̀nù, tí ẹ́ńjìnnì yí ohùn padà lójijì, àpẹẹrẹ tí o fi han Audacity kò bá a mu mọ́. Tún ìpínrọ̀ yẹn kà. Fèrè ọ̀kadà àti àkùkọ kò ṣeé yọ pẹ̀lú irinṣẹ́ yìí rárá. Bí máìkì rẹ bá jẹ́ èyí tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó kọ sí fèrèsé. Gbígbé ohùn sókè ni kó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ rẹ, torí pé bí o bá kọ́kọ́ gbé e sókè, ariwo náà á bá a gòkè. Ṣé o ti bá aládùúgbò náà sọ̀rọ̀ pàápàá? Ìdajì wákàtí lò ń wá.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni pé páálí ẹyin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri máa ń jẹ́ kí yàrá dákẹ́? Oníbàárà mi kan fẹ́ kí n bá òun ṣe é. — Káfíńtà, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ìwọ̀nba ìró tó mú jù lọ ló lè fi ọwọ́ kàn, ariwo ìta á sì kọjá lára rẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí iná bá tún sọ sí i, ó di ìjàǹbá. Iṣẹ́ méjì ni oníbàárà yín ń dà pọ̀. Bó bá fẹ́ kí ariwo má wọlé, ohun tó wúwo tí kò ní ihò ló ń wá: ògiri tó kún, ilẹ̀kùn pákó gidi tí rọ́bà yí etí rẹ̀ ká. Bó bá fẹ́ kí yàrá má dún padà, ohun tó rọ̀ tó sì nípọn ni. Ẹ fi pákó kan férémù tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ ki rockwool, ohun bí òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, sí i, ẹ fi aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá bò ó, kí ẹ sì kọ́ ọ kó má lẹ̀ mọ́ ògiri pátápátá. Mẹ́rin tàbí mẹ́fà irú rẹ̀ tó fún yàrá kékeré. Owó iṣẹ́ yín náà á sì ju ti páálí ẹyin lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá lórí Zoom láti Peckham. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ohùn mi á máa padà wá bá mi. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé bí ọkọ mi bá lu gángan kí àwọn ọmọ dáhùn, wọ́n ní àwọn kàn ń rí i tó ń ju ọwọ́ ni. — Olùkọ́ ọjọ́ Sátidé, London.

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn sí lẹ́tà yín, ẹ kú akitiyan lórí àwọn ọmọ.

Ti àkọ́kọ́: ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tó fà á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ló ṣí sípíkà kọ̀ǹpútà rẹ̀ sókè, ohùn yín jáde níbẹ̀, máìkì rẹ̀ sì gbé e padà wá bá yín. Ẹ pa máìkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí dídún náà bá dákẹ́ lórí rẹ̀, ilé tirẹ̀ ni. Ẹ ní kí ìyá rẹ̀ fi íyápíìsì sí i létí. Bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá ń lo fóònù méjì nínú yàrá kan, ọ̀kan ṣoṣo ni kó ní ohùn.

Ti gángan: Zoom ló ń pa á. Wọ́n kọ́ ọ láti dá ọ̀rọ̀ ẹnu mọ̀, ohunkóhun tí kò bá sì jọ ọ̀rọ̀, ariwo ló kà á sí. Pé ìlù lè máa sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó sọ fún un. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sínú Settings, ẹ wọ Audio, kí ẹ yan Original sound for musicians. Nígbà tí kíláàsì bá ń lọ, bọ́tìnì rẹ̀ á yọ lójú Zoom. Ẹ tàn án kí ọkọ yín tó fa ọ̀pá, ẹ pa á bó bá parí. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní títàn, Zoom kò ní bá yín dín ariwo kù mọ́, torí náà ẹ ti fèrèsé, kí ẹ̀yin náà sì lo íyápíìsì. Kí wọ́n jókòó tó mítà kan ààbọ̀ sí máìkì, ìlù kì í ṣe ẹnu.

ÌBÉÈRÈ: Màmá wa, a ká wáásí Ọjọ́ Jímọ̀ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn mọ́sáláṣí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dún lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará tó wà ní ìdálẹ̀ ń retí rẹ̀. Ẹ bá wa wá nǹkan ṣe. — Akọ̀wé, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Ohun tí fóònù yín gbà kì í ṣe ohùn Ìmáàmù; ohùn sípíkà ni. Bí sípíkà kan bá wà níwájú, tí èkejì wà nítòsí yín lẹ́yìn, tí mítà 30 sì wà láàárín wọn, ti ẹ̀yìn á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín, ti iwájú á fi bí ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn tó kí etí gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní méjì. Kò sí irinṣẹ́ tí màá fi owó yín rà tó máa tún un ṣe dé ibi tó wù yín. Bí Ìmáàmù bá gbà, kí wọ́n tún kókó wáásí náà sọ sínú fóònù nínú yàrá tó ní kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́.

Fún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ lọ bá ẹni tó ń mójú tó míkísà. Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ Rec Out tàbí Line Out sí. Ibẹ̀ ni kí wáyà ti bọ́ sínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan, ohùn Ìmáàmù á wọlé láti ẹnu máìkì wọn láìfi ara kan ògiri. Ẹ má kì í bọ ihò máìkì fóònù tààrà, ó lágbára jù fún un, á máa fọ́; ẹ ra wáyà tó ń dín agbára rẹ̀ kù. Kí ohùn tó ga jù máa dé nǹkan bí òdì 12 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (-12) lójú ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kó kan pupa. Ní ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ lọ dán an wò, nígbà tí mọ́sáláṣí ṣì ṣófo, kí ẹ mú íyápíìsì dání.